Bí a ṣe ń tọ́jú egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kó lè jiná

Ìbéèrè tí àwọn ẹbí aláìsàn máa ń kọ́kọ́ bi mí ní yàrá tí a ti ń wẹ egbò ni pé, "Nọ́ọ̀sì, oògùn wo ni ká máa dà sí i?" Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ látìgbà tí mo ti ń tú báńdéèjì n'Íbàdàn níbí, ohun tí mo rí ni pé ohun tí ẹ kò dà sójú egbò alátọ̀gbẹ, àti ìgbà tí ẹ kò fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ló ń jẹ́ kó jiná ju ohun tí ẹ rà ní kẹ́míìsì lọ. Kọ́rọ̀ yìí tó lè yé yín, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ara ń ṣe.

Ohun tó ń lọ lábẹ́ báńdéèjì

Gbogbo wa la mọ bí omi ẹsẹ̀ màlúù ṣe máa ń dì nínú ìkòkò kílẹ̀ tó mọ́. Ohun tó dì yẹn ni kọ́lájìn tí iná ti yọ́. Òun ló kún inú pọ̀nmọ́, òun náà ló kún inú awọ tiwa. Okùn tín-ín-rín ni, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, òun ló ń jẹ́ kí awọ yi tí kì í fi í ya bí a bá fara gbún nǹkan.

Bí nǹkan bá gé ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dì. Lẹ́yìn náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá kòkòrò jà á ya bo ibẹ̀, wọ́n á pa èyí tí wọ́n lè pa, wọ́n á kó pàǹtí kúrò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní fibroblast á gorí iṣẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í hun kọ́lájìn tuntun. Oríṣi kẹta ni wọ́n kọ́kọ́ ń hun, kò lágbára púpọ̀. Tó bá yá, ara á máa tú u díẹ̀díẹ̀, á máa fi oríṣi kìíní tó yi dáadáa dípò rẹ̀, ìyẹn sì lè gbà tó ọdún kan. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ojú àpá kì í padà le tó awọ àtilẹ̀wá. Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ló máa ń le mọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, màá padà sórí ẹ̀.

Lára alátọ̀gbẹ, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń lọ. Ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ kọ́lájìn fúnra rẹ̀. Kọ́lájìn awọ kì í sì í ṣe ohun tí ara ń pààrọ̀ lóṣooṣù, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń wà níbẹ̀. Iye ọdún tí ṣúgà bá fi ga, iye ọdún yẹn ló fi ń lẹ̀ mọ́ ọn, títí okùn kan á fi so mọ́ èkejì tí awọ á gan, tí kò ní fà mọ́. Ẹ wò ó báyìí: ẹ ní kí ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tipẹ́ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà. Àwọn mìíràn ò ní lè ṣe é. Àlàfo á wà láàárín ìka wọn, torí pé awọ àti iṣan ọwọ́ ti gan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ yẹn, ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀ náà.

Irú lílẹ̀ yìí kan náà ni àyẹ̀wò HbA1c ń kà, àmọ́ inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ló ti ń kà á. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ láyé, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò náà fi ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn bàbá wa kan máa ń pa oúnjẹ tì fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó wá sí kíliníìkì, kí ṣúgà àárọ̀ lè dára lójú dókítà. HbA1c ń wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wàhálà kejì ni pé iṣẹ́ híhun yẹn kì í lọ síwájú. Àwọn èròjà kan wà nínú ara, MMP ni wọ́n ń pè wọ́n, iṣẹ́ wọn ni láti gé kọ́lájìn tó ti bàjẹ́ kúrò. Nínú egbò alátọ̀gbẹ, wọ́n máa ń pọ̀ kọjá àlà, àwọn tó yẹ kó dá wọn lọ́wọ́ kọ́ sì máa ń dín kù. Fibroblast ń hun, MMP ń tú. Ẹ fi kún un pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ti há, ọ́síjìn tí fibroblast fi ń ṣiṣẹ́ ò dé ibẹ̀ tó. Bí ẹ ṣe máa rí egbò tó ti pé oṣù mẹ́ta tó ṣì rí bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ẹsẹ̀ tí kò mọ ohun tó ń ṣe é

Èyí ló burú jù lójú tèmi. Ṣúgà máa ń pa iṣan tí a fi ń mọ ìrora. Ó lè kọ́kọ́ dà bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún ẹsẹ̀, tàbí kó máa ta lóru, kó máa ṣe pajápajá. Tó bá yá, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́. Inú aláìsàn á dùn pé ẹsẹ̀ òun ti fúyẹ́, kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà ti kú ni.

Mo rí awakọ̀ kan tí ooru ẹ́ńjìnnì bó lẹ́sẹ̀ láàárín Èkó sí Ìbàdàn, ìgbà tó bọ́ bàtà nílé ló tó rí ìléròrò. Mo sì ti rí àwọn tí eku jẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Eku ilé máa ń jẹ ìka ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀ wọn lóru, àwọn náà á sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ̀jẹ̀ lórí ibùsùn ni wọ́n á fi mọ̀. Àwọn àgbà ní eku a máa jẹni, a sì máa fẹ́ni, àmọ́ ti alátọ̀gbẹ yìí, kò nílò kó fẹ́ ẹ. Paul Brand, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ ní Vellore lórílẹ̀-èdè Íńdíà, bá irú ẹ̀ pàdé, torí ẹ̀tẹ̀ náà máa ń pa ìmọ̀lára. Ológbò ni wọ́n fi ń sin àwọn aláìsàn lọ sílé. Bí eku bá wà nílé yín, ẹ wá ológbò tàbí pàkúté, kí aláìsàn wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn, kó fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dáadáa kí òórùn oúnjẹ má baà wà lára ẹ̀.

Kí ẹ lè mọ bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń gbọ́, ìdánwò kan wà tí wọ́n gbé jáde ní Ipswich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gba owó. Kí aláìsàn di ojú. Ẹ fi orí ìka ọwọ́ yín kan orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, ìka àárín, àti ìka tó kéré jù, ẹsẹ̀ méjèèjì. Fẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má ta á jí. Kó sọ̀rọ̀ nígbàkigbà tó bá mọ̀ ọ́n. Ojú mẹ́fà ni gbogbo ẹ̀. Bí kò bá mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ yẹn ti wà nínú ewu, ojú yín gan-an ló gbọ́dọ̀ máa bá a mọ ìrora báyìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣúgà

Egbò kankan ò lè jiná dáadáa bí ṣúgà bá ń sáré lọ sí 300 lójoojúmọ́. Ohun tí a sábà máa ń lé fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni 80 sí 130 kí wọ́n tó jẹun, kó sì má kọjá 180 ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Fún arúgbó tàbí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ lójijì, dókítà lè jẹ́ kó ga díẹ̀ sí i, ẹ gba ohun tó bá sọ. Bí ọmọ yín tó wà ní London bá pè pé ṣúgà òun jẹ́ 7, kò túmọ̀ sí pé ó ń kú lọ. Ọ̀nà ìkà tiwọn yàtọ̀ ni: mmol/L ni wọ́n fi ń kà á, mg/dL ni èyí tí mo ń kà fún yín yìí. Ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 126.

Egbò tó bá ti kó kòkòrò fúnra rẹ̀ máa ń gbé ṣúgà sókè, nítorí náà oògùn oníhóró tó ń ká a tẹ́lẹ̀ lè má ká a mọ́. Dókítà lè ní kí aláìsàn gba ínsúlínì fúngbà díẹ̀. Ibí ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn gbà pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì, ó ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹni tí ẹ rí tó gba ínsúlínì tó sì kú, àìsàn rẹ̀ ló ti le kó tó gbà á, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló pa á.

Wíwẹ egbò nílé

Bí nọ́ọ̀sì bá ti fi hàn yín bí ẹ ṣe lè máa wẹ̀ ẹ́ nílé, bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ẹbí nìyí. Ẹ se omi ìdajì lítà kó hó dáadáa, ẹ da iyọ̀ sí i, ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì kan, kó má kún dé etí. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́jọ́ náà, ẹ dà á nù.

Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí gọ́ọ̀sì bá ti lẹ̀ mọ́ ojú egbò, ẹ má fà á. Ibi tí mo ti máa ń pariwo nìyí, torí awọ tuntun tó ń yọ máa ń bá gọ́ọ̀sì jáde. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó tutù, ó máa ń dán díẹ̀. Kọ́lájìn ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá kan fà ya yẹn. Ẹ da omi iyọ̀ yẹn sórí gọ́ọ̀sì, ẹ dúró, ẹ tún dà á, á yọ fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi náà sójú egbò láti àárín lọ sí etí. Ẹ fi gọ́ọ̀sì mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ jẹ́jẹ́, pàápàá ara tó yí i ká. Ẹ má fi òwú nù ún, fọ́nrán rẹ̀ máa ń kù síbẹ̀.

Ojú egbò kì í fẹ́ kó gbẹ hán-ún hán-ún. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi tọ́ wa ni pé ká sá egbò sóòrùn kó gbẹ, kó ní èépá. Àmọ́ lọ́dún 1962, George Winter ṣe àyẹ̀wò lára ẹlẹ́dẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó rí i pé egbò tí a bò tó lọ́rinrin yára bo ju èyí tí a ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ lọ dáadáa, torí inú ọ̀rinrin ni awọ tuntun ti lè rìn kọjá. Kó lọ́rinrin ni mo wí o, kì í ṣe kó máa ṣàn. Bí omi egbò bá ti ń rin báńdéèjì, tí ara tó yí i ká ń funfun tó ń rọ̀, ẹ ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀ léraléra, kẹ́ ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì yín. Egbò tí kò ṣàn tó gbẹ tó sì dúdú ń kọ́, ní orí ìka? Ẹ má rẹ ìyẹn sómi rárá, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ní ti ohun tí a kì í dà sí i, màá dárúkọ àwọn tí mo ti bá lójú egbò: Ampiclox tí wọ́n tú hóró rẹ̀, GV, sípíríìtì, hydrogen peroxide, Izal, omi bátìrì, epo ẹ́ńjìnnì, àgúnmu. Hydrogen peroxide tó ń hó kùṣọ̀ yẹn, tí ọkàn wa fi máa ń balẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, bó ṣe ń pa kòkòrò náà ló ń pa fibroblast. Lúlúù Ampiclox á dì mọ́ ojú egbò, ọyún á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ẹ ò ní rí i. Bí egbò bá nílò oògùn apakòkòrò, ẹnu ni wọ́n máa ń gbà mu ún tàbí kí wọ́n gún un, dókítà ló sì ń kọ ọ́. Oyin wà tí wọ́n ṣe fún egbò, tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, àmọ́ oyin inú ìgò tí wọ́n ń kiri lójú títì, ta ló mọ ohun tó wà ńbẹ̀? Kí ẹ sì bi wọ́n nílé ìwòsàn bóyá aláìsàn nílò abẹ́rẹ́ ipá (tetanus).

Ara tó ti kú, àti awọ líle tó yí egbò ká, ó yẹ kí a gé e kúrò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ń gé e. Ẹ má ṣe fi bíléèdì gé e nílé, ẹ má sì gbé e fún àwọn tó ń gé èékánná kiri ládùúgbò.

Ẹ gbé ara kúrò lórí rẹ̀

Kó tó dìgbà Paul Brand, ọ̀pọ̀ gbà pé ẹran ara adẹ́tẹ̀ ló burú tó fi ń rà. Ó ṣọ́ wọn títí, ó rí i pé títẹ̀ tí wọ́n ń tẹ ojú kan ṣoṣo láìmọ̀ ìrora ló ń ba ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, bí òkúta bá wọ bàtà rẹ̀, á tiro. Alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú kì í tiro, á rin ìrìn àjò náà dópin. Bó bá wá rìn lórí egbò, kọ́lájìn tí fibroblast hun mọ́jú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ fọ́ kó tó di ọ̀sán. Àwọn ẹbí kì í gbà mí gbọ́, wọ́n á ní, "Ó kàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni." Ṣọ́ọ̀bù náà ni mo ń wí.

Bí ilé ìwòsàn yín bá lè ṣe bàtà POP tó ń gbé ara kúrò lójú egbò, òun ló dára jù fún egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò kó kòkòrò tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dé ibẹ̀. Bí kò bá sí, ọ̀pá ìkọ́ abíyá, kẹ̀kẹ́ arọ, àga tí a gbé sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, pó lábẹ́ ibùsùn fún òru. Bó bá jẹ́ gìgísẹ̀ ni egbò wà, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ojúgun kí gìgísẹ̀ má kan ibùsùn rárá.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, jíjókòó lórí ẹsẹ̀ nígbà ìrun máa ń tẹ ìka àti ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè láti kírun lórí àga, ẹ bi ààfáà yín. Lẹ́yìn àlùwàlá, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu àárín ìka kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bọ́ bàtà tẹ́ ẹ bá ti wọ sùtánà, ẹ bá wòlíì yín sọ ọ́, kí ẹ lè gbé mọ́tò dé ẹnu ilẹ̀kùn ìjọ. Ilẹ̀ ọ̀sán Ìbàdàn tó gbóná ti bó ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bákan náà ni omi gbígbóná oníyọ̀ tí a fi ń rẹ ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe é mọ́. Omi ìwẹ̀ pàápàá, ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ ń gbọ́ ni kó fọwọ́ tọ́ ọ wò.

Oúnjẹ

Fibroblast kì í fi afẹ́fẹ́ hun nǹkan. Ẹyin, ẹja, adìyẹ, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín tí epo rẹ̀ ò pọ̀, ó yẹ kí ọ̀kan wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, àfi bí dókítà bá ní kíndìnrín aláìsàn ò gbà á. Fítámìn C ni ara fi ń lọ́ okùn kọ́lájìn pọ̀ kó yi. Ọsàn kan pẹ̀lú fọ́nrán rẹ̀ (kì í ṣe omi ọsàn inú páálí), àgbálùmọ̀ tó bá jẹ́ àsìkò rẹ̀, ẹ̀fọ́ tí a ò sè jinná jù.

Wọ́n máa ń bi mí nípa lúlúù kọ́lájìn tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Inú ikùn ni kọ́lájìn tí a bá jẹ ti ń túká bíi purotéènì yòókù, kò mọ ọ̀nà ojú egbò. Pọ̀nmọ́ náà nìyẹn: kọ́lájìn pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èròjà tryptophan tí ara nílò kò sí nínú kọ́lájìn, nítorí náà ẹ jẹ ẹ́ bó bá wù yín, àmọ́ ẹ má fi rọ́pò ẹyin. Owó lúlúù yẹn, ẹ fi ra ẹyin. Kí n sì tún sọ ọ́ kí inú máa bí àwọn kan: àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òkèlè wíìtì máa ń gbé ṣúgà sókè. Bí òkèlè bá kún àwo, ohun yòówù kó jẹ́, ṣúgà á ga.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń jiná

Ẹ má fi ojú lásán wò ó. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá wẹ̀ ẹ́ tán, ẹ gbé rúlà mímọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìkàn án, ẹ fi fóònù yà á, láti ibì kan náà. Ẹ kọ gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé tí kò tíì kéré tó ìlàjì bó ṣe wà, ohun kan ń dá a dúró, bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ tó há, bóyá egungun tó ti kó kòkòrò, bóyá ẹni tó ń yọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ nípa egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, kí wọ́n sì yẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wò.

Bó bá jiná, ẹ rántí ìdá 80 tí mo wí. Ojú àpá yẹn ni egbò tún máa ń gbà padà. Aláìsàn ò gbọ́dọ̀ rin láìwọ bàtà mọ́, kódà nínú ilé. Kó tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, kó gbọ̀n ọ́n, kó fi ọwọ́ wá inú rẹ̀. Dígí kékeré nílẹ̀ lálaalẹ́ láti fi wo àtẹ́lẹsẹ̀, ìpara sí gìgísẹ̀ kó má sán, àmọ́ kì í ṣe sí àárín ìka.

Àwọn nǹkan kan ò ṣeé dúró dè ní ọjọ́ kíliníìkì: kí pípọ́n tàbí wíwú máa tàn kúrò létí egbò, ọyún, òórùn, ibà tàbí òtútù, ìka tó ń dúdú, ẹsẹ̀ tó tutù bí ti òkú, egungun tó yọjú, ṣúgà tó kọ̀ láti wálẹ̀, èébì. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ máa bọ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò wá, àti àgbo tó ń mu, a ò ní bú yín. Ẹ mú àwòrán inú fóònù àti ìwé ṣúgà dání. Bó bá ṣeé ṣe, kí aláìsàn má jẹun lójú ọ̀nà kó tó rí dókítà, torí wọ́n lè fẹ́ gbé e wọ tíátà. Bó bá jẹ́ pé ínsúlínì ló ń gbà, tí ara rẹ̀ wá ń gbọ̀n tó ń làágùn, ẹ fún un ní ohun dídùn, ẹ sọ fún wa. Ẹ sì má kun GV sójú egbò kí ẹ tó dé. Àwọ̀ egbò náà la fẹ́ wò.